Jíìpù mi ń gbóná ní Atákúnmọ́sà, àmọ́ kì í gbóná tí mo bá ń lọ Ifẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Mẹkáníìkì. 4Runner 1999 ni mo ń wà, V6 3.4, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tó oṣù mẹ́ta tó ti ń gbóná, ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá gbéra ní Iléṣà tí mo ń lọ Ifẹ̀, tí mo ń sáré dáadáa, géèjì ooru ò ní kúrò láàárín rárá, àmọ́ kí n ṣáà ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ iwájú ọjà Atákúnmọ́sà, pàápàá tí mo bá tan AC, ńṣe ni géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹkáníìkì mi ti yọ tẹmọ́sítáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tó bá ti gbóná, dànù, ó ní òun ni ò jẹ́ kómi rìn. Ó ní kí n ra rẹdíétọ̀ tòkunbọ̀, mo rà á, bákan náà ló ṣì rí. Ó ti wá ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti tọ́ọ̀pù tó dé e lórí, ló jó, ká tú tọ́ọ̀pù. Ẹ gbà mí o, owó ti tán lọ́wọ́ mi. — Bàbá Ìbejì, Ìsọ̀kùn, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti ayẹyẹ. Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìbéèrè yín, ẹ ò kàn fura ni. Mọ́tò tó ń gbóná níbi tó dúró sí, tí kì í gbóná tó bá ń sáré, atẹ́gùn ló ń wá. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀, atẹ́gùn iwájú ló ń fẹ́ sí rẹdíétọ̀ yín, fáànù ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ó lè ti kú tipẹ́ kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ wá dé ọjà, ẹ dúró sẹ́yìn ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò sí atẹ́gùn mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fà wọlé, kọ̀ndẹ́ńsà AC tó wà níwájú rẹdíétọ̀ sì tún ń da ooru tiẹ̀ lé e lórí.

Ká ní rẹdíétọ̀ ló dí ni, tàbí wọ́tà pọ́ǹpù ni ò ti omi mọ́, àwọn òkè tó wà lọ́nà Àkúrẹ́ yẹn, láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ìpetu, ibẹ̀ ni ì bá ti kọ́kọ́ hàn, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń jìyà jù. Kí mẹkáníìkì tó ní kẹ́ ẹ ra nǹkan kan, ó yẹ kó bi yín pé ìgbà wo gan-an ló máa ń gbóná. Tiyín ò bi yín.

Fáànù yín kì í ṣe oníná, bẹ́líìtì ló ń yí i, nǹkan roboto kan sì wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì fáànù. Ọ́ọ̀lì sílíkóònù tó ki ló wà nínú ẹ̀, sípíríǹgì kékeré kan wà níwájú ẹ̀ tó máa ń gbọ́ ooru rẹdíétọ̀. Tó bá gbóná, ọ́ọ̀lì yẹn á di fáànù mú kó máa yí kíkankíkan, tó bá tutù á dẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ohun tó ti lò lé ní ọdún 25, ọ́ọ̀lì inú ẹ̀ lè ti jò tán, fáànù á ṣì máa yí o, ẹ ó máa fojú yín rí i tó ń yí, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi fura sí i, ṣùgbọ́n kò lágbára mọ́.

Láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò, ẹ fọwọ́ yí i. Ó yẹ kó wúwo lọ́wọ́ díẹ̀, kó yí díẹ̀ kó dúró. Tó bá ń yí lọ bí òkòtó, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ wá tan mọ́tò kó gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí fáànù dúró pátápátá, kẹ́ ẹ tún yí i, ó gbọ́dọ̀ le ju ti àárọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìdọ̀tí ọlọ́ràá yí àárín ẹ̀ ká, òun náà ni. Àwọn kan máa ń ká ìwé ìròyìn, wọ́n á fi dá fáànù dúró nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ìka ọwọ́ ò ní tòkunbọ̀.

Ẹ tún wo ike ńlá tó yí fáànù po, ṣé wọ́n dá a padà nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹdíétọ̀? Wọ́n máa ń jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ láìsí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì ni fáànù á máa fà yí po. Kẹ́ ẹ sì fi omi tí ò le jù fọ àárín kọ̀ndẹ́ńsà àti rẹdíétọ̀, eruku ọyẹ́ àti kòkòrò máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wẹ́ẹ̀dì kílọ́ọ̀ṣì yẹn pọ̀, ẹ má gbà. Mọ́tò á tutù lóòótọ́, àmọ́ á máa pariwo bí ọkọ̀ òfurufú, á sì máa mu epo yín.

Ẹ dá tẹmọ́sítáàtì padà. 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tó bá sì ti ṣí tán, òun náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láì dé rẹdíétọ̀. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ yẹn lè tún máa dá kún ooru.

Ní ti tọ́ọ̀pù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u láì yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mọ́tò bá tutù, ẹ ṣí ìdérí rẹdíétọ̀, ẹ rọ omi kún un, ẹ tan án. Tó bá ń hó kuṣukuṣu láì dáwọ́ dúró, tàbí tẹ́ ẹ bá dé ìdérí padà, tẹ́ ẹ tan mọ́tò tó tutù, tí họ́ọ̀sì òkè le gbagidi lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan péré, tàbí tí ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnì funfun bí ògì, ìgbà yẹn la ó tó máa sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù. Ìlú Òṣómàáló lẹ wà, ẹ lóṣòó tì wọ́n kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Kí n tó gbàgbé, rẹdíétọ̀ tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ rà yẹn, ọ́ọ̀lì gíà ọ̀tọ́mátíìkì ń gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ kọjá, tí inú ẹ̀ bá ti lu, omi á wọ gíà. Tẹ́ ẹ bá rí i tí omi rẹdíétọ̀ pọ́n, tó sì ki bí yógọ́ọ̀tì, ẹ pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Géèjì yín náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jù, ooru lè ti lọ sókè díẹ̀ kó ṣì dúró gbọin láàárín, tó bá fi máa ṣípò, ó ti ń pẹ́ nìyẹn. Ẹ pa AC, ẹ tan hítà, ẹ wábi páàkì, kẹ́ ẹ má sì ṣí ìdérí yẹn títí á fi tutù.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé omi bọ̀hóòlù burú nínú rẹdíétọ̀? Mẹkáníìkì mi ní owó lásán ni kúláǹtì. — Ìyá Dáre, Lágere, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ yẹn náà ló ń dí rẹdíétọ̀. Kúláǹtì kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnì dípẹtà, kì í sì í tètè hó bí omi lásán. Èyí tó bá ki, ẹ fi omi dísítíìlì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú ẹ̀ kúrò, là á, ìdajì-ìdajì, ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ pupa, ẹ fọ ti àtijọ́ dànù ná.