Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí gé etí ajá kí ó lè nà ró?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, àáfà wa. Mo ń sin ajá ní Ìkòròdú, fún ìṣọ́ ilé àti fún títà. Àwọn oníbàárà tó ń ra Caucasian, Doberman àti American Bully fẹ́ kí wọ́n ti gé etí rẹ̀ kó lè nà ró. Wọ́n ní ajá tí etí rẹ̀ bá ń já wálẹ̀ kò dẹ́rù ba olè. Ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn ní mọ́sálásí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àáfà kan ní ṣíríìkì ni, ìyẹn fífi orogún pọ̀ mọ́ Ọlọ́hun, ó sì ka áyà kan láti inú Súrà Nísáì. Ẹnìkejì ní nájísì, ìyẹn ohun àìmọ́, ni ajá, pé Ọlọ́hun kò ní bi wá léèrè ohun tí a bá fi ṣe. Ẹnìkẹta ní kò yàtọ̀ sí àgbò tí a ń tẹ̀ lọ́dàá. Èwo ni kí n mú nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàlámù, ọmọ ìyá mi. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Háráámù ni kí a gé etí ajá nítorí kí ó lè nà ró, kí ó lè dẹ́rù bani, tàbí kí owó rẹ̀ lè lé sí i. Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́ta tó sọ̀rọ̀ ní mọ́sálásí yín, kò sí ọ̀kan tí mo lè gbà fún tán, títí kan ẹni tó sọ pé kò dára, nítorí ohun tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ti kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní Ọlọ́hun kò ní bi wá léèrè ajá ló dùn mí jù. Ta ló sọ fún un? Ọ̀nà Imam Malik ni àwọn àáfà àgbà ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́ wa, lójú Malik, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì. Fífọ abọ́ tí ajá bá fi ẹnu kàn nígbà méje, ìjọsìn ló kà á sí. Ó wo Súrà Máídà, áyà 4, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún wa láti jẹ ohun tí ajá ọdẹ bá mú, kò sì pàṣẹ pé ká fọ ibi tí eyín rẹ̀ bà. Imam Shafi'i kò gbà bẹ́ẹ̀, nájísì ló pè é, a kò sì bá àwọn tó tẹ̀lé e jà. Àmọ́ àwọn náà kò sọ pé nítorí ó jẹ́ nájísì, kí á máa dá a lóró. Àbí a ti gbàgbé obìnrin alágbèrè láàárín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí hàdíìsì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim? Ó rí ajá tó ń yí kànga po, tí òùngbẹ fẹ́ pa á. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi fa omi fún un, Ọlọ́hun sì forí jìn ín. Ajá tí ènìyàn torí omi tó fún un rí àforíjìn, òun ni àáfà kan ní kò ka nǹkan kan lọ́dọ̀ Ọlọ́hun!

Ẹni tó ní ṣíríìkì ni, áyà tó kà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nínú Súrà Nísáì, áyà 119, Ṣàìtáánì lérí pé òun yóò pàṣẹ fún àwọn ènìyàn, wọn yóò sì máa ya etí àwọn ẹran ọ̀sìn. Òun yóò pàṣẹ fún wọn, wọn yóò sì máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ohun tí àwọn Lárúbáwá ń ṣe nígbà àìmọ̀kan ni áyà náà ń bá wí. Bí abo ràkúnmí wọn bá ti bímọ tó iye kan, wọ́n á ya etí rẹ̀, wọ́n á pè é ní bahira, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò ní gùn ún mọ́. Súrà Máídà, áyà 103, ló fòpin sí i. Amr ibn Luhayy, ará Khuza'a, ló kọ́kọ́ dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ pé òun rí i tó ń wọ́ ìfun ara rẹ̀ nínú iná.

Ibi tí ṣíríìkì wà nìyẹn, ẹran tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, tí wọ́n sì sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì di èèwọ̀. Oníbàárà rẹ tó fẹ́ kí etí ajá òun dúró ṣánṣán kò fi bọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àáfà, ẹ rọra. Kí ẹ tó pe Mùsùlùmí tó ń kírun ní mùṣíríkì, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn onítúmọ̀ Alùkùránì kọ sábẹ́ áyà náà. Lórí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà gan-an, ẹnu wọn kò kò. Àwọn kan ní ẹ̀sìn Ọlọ́hun ni wọ́n yí padà, ibẹ̀ ni Tabari sì fì sí. Àwọn kan ní títẹ ẹran lọ́dàá ni. Àwọn mìíràn ní fínfín ara ni. Áyà tí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lé lórí tó báyìí kì í ṣe idà tí ọmọdé ń yọ sí ọmọ ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹni tó ń gé etí má tíì yọ̀. Qurtubi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa láti Andalus, kọ ọ́ sábẹ́ áyà yìí kan náà pé ẹwà àti àǹfààní ni etí jẹ́ lára ẹran, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ṣàìtáánì fi dójú lé e. Imam Ahmad sì gba hàdíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Malik ibn Nadlah. Ó wá bá Ànábì, aṣọ rẹ̀ ti gbó. Ànábì bi í bóyá ó ní dúkìá, ó ní òun ní ràkúnmí, ẹṣin àti àgùntàn. Ànábì wáá bi í pé, ṣé kì í ṣe pẹ̀lú etí tó pé ni wọ́n ń bí ràkúnmí yín, tí ìwọ á wá mú abẹ, tí wàá gé etí rẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ànábì sọ fún un pé gbogbo ohun tí Ọlọ́hun fún un ló jẹ́ hàláàlì, pé abẹ Ọlọ́hun mú ju abẹ rẹ̀ lọ, apá Ọlọ́hun sì le ju apá rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, orí bahira ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá di abẹ mú, tó fẹ́ gé etí tó pé, tó dá ṣáṣá, rántí gbólóhùn yẹn kó tó gé e.

Ohun tí èmi gbé ìdájọ́ mi lé gan-an ni hàdíìsì Ibn Umar tó wà nínú Bukhari, pé Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tó bá gé ẹ̀yà ara ẹranko láti bà á jẹ́. Ẹranko ló wí. Kò sọ pé ràkúnmí nìkan, kò yọ ajá sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀ ìbáà ṣe ajá dìgbòlugi. Ìgbàwá ìyẹn kò lágbára, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó wa.

Ìwọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ bí ó ṣe rí jù mí lọ. Ọmọ ajá tí kò ju ọ̀sẹ̀ méje sí méjìlá lọ ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì. Wọ́n á gé lára awẹ́ etí rẹ̀, wọ́n á rán an, wọ́n á fi tépù dè é mọ́ igi tàbí fóòmù kí ó lè gbẹ sókè, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ojú ọgbẹ́ kò ní máa sùn pẹ̀lú rẹ̀. Ká tiẹ̀ wí pé kò dùn ún rárá, ẹ̀yà ara tí kò ṣàìsàn ni wọ́n gé sọnù.

Wọ́n lè sọ fún ọ pé àwọn Mùsùlùmí ló ń gé e nílùú tí Caucasian ti wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn darandaran ní Caucasus, ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà àti ní Tọ́kì, tí wọ́n ní ajá Kangal, ti ń gé etí ajá tipẹ́, nítorí ìkookò ń wá jẹ àgùntàn wọn, etí tó bá ń já wálẹ̀ sì ni ìkookò máa ń fi eyín dì mú. Ẹni tó bá wà lórí òkè níbẹ̀ pẹ̀lú agbo ẹran rẹ̀, mi ò ní fi ìwàǹwára dá a lẹ́jọ́, ó ní ìdí tó lè gbé síwájú àáfà ìlú rẹ̀. Ìkookò wo ló wà ní Ìkòròdú? Ajá tó wà nínú ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká, ta ló fẹ́ di etí rẹ̀ mú, bí kì í bá ṣe ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó bá jà? Bí ìjà ajá bá sì ni, háráámù gun orí háráámù nìyẹn.

Ó ku ti àgbò tí a tẹ̀ lọ́dàá, òun ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á fara balẹ̀ sí, nítorí ẹni tó sọ ọ́ kàwé díẹ̀. Inú Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn lọ́nà Imam Malik tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, ló ti mú un. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé kò sí láìfí nínú títẹ àgùntàn lọ́dàá. Kí ló dé tí ẹni náà kò ka ìyókù? Ibn Abi Zayd sọ ìdí rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ó ń mú kí ẹran rẹ̀ dára sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n kọ̀ fún wa láti tẹ ẹṣin lọ́dàá. Ó tún ní màkúrùú, ìyẹn ohun tí ẹ̀sìn kò fẹ́, ni kí á fi iná sàmì sí ẹran lójú, kò sí láìfí níbòmíràn lára rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìlà wọ̀nyí pọ̀ yóò rí i pé àǹfààní tòótọ́ ni wọ́n ń wò. Àgbò tí a tẹ̀ lọ́dàá di ẹran tó sanra fún jíjẹ. Kí ni a ó jẹ lára etí ajá?

Bí wọ́n bá wáá mú hàdíìsì Anas wá, pé ó bá Ànábì níbi tó ti ń sàmì sí etí àgùntàn, dá wọn lóhùn pé àmì ni. Wọ́n fi ń dá ẹran mọ̀ kí ó má baà dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn, etí sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán. Ó sì yà mí lẹ́nu pé àwa tí à ń gbé etí àgbò Iléyá yẹ̀ wò lọ́jà, nítorí Ali sọ pé Ànábì pa wá láṣẹ láti wo ojú àti etí rẹ̀, tí a ó sì kọ àgbò tí etí rẹ̀ bá ya púpọ̀, àwa náà la tún ń sanwó kí wọ́n gé etí ajá. Àléébù ni lára àgbò, ó wá di ẹ̀ṣọ́ lára ajá?

Ti àwọn tó ní etí tó dúró kì í tètè ṣàìsàn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Cocker Spaniel ni etí rẹ̀ gùn tó ń wọ́lẹ̀, tí àìsàn etí sì máa ń bá jà gan-an. Kò sẹ́ni tó ń gé tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ní Amẹ́ríkà lòdì sí gígé etí nítorí ẹwà. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 2006 kọ̀ ọ́. Mùsùlùmí tó ń gbé níbẹ̀, tó bá ṣe é, ó ti ṣẹ Ọlọ́hun, ó tún ti rú òfin ìlú tó gbà á láyè. Ìtìjú ni fún wa pé ẹni tí kò ka Alùkùránì ń ṣàánú ẹranko jù wá lọ. Àmọ́ bí etí bá ní egbò tí kò san tàbí kókó, tí dókítà ẹran sì ní gígé ló lè gbà á là, gé e, ìtọ́jú nìyẹn.

Èyí tó ti gé sẹ́yìn, tọrọ àforíjìn, kí o sì tọ́jú àwọn ajá náà dáadáa. Má jù wọ́n síta, má sì pa wọ́n. Ẹni tó ra ajá tí etí rẹ̀ ti gé tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló bẹ̀wẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Ohun kan tí o kò bi mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ajá ọdẹ, ajá ẹran ọ̀sìn àti ajá oko ni hàdíìsì yọ̀ǹda, ọ̀pọ̀ àáfà sì so ajá ìṣọ́ ilé mọ́ ọn. Ẹni tó bá sin ajá fún fáàrí lásán ń pàdánù nínú ẹ̀san rẹ̀ lójoojúmọ́. Lórí títà rẹ̀, Risala ní wọ́n kọ̀ ọ́, pé wọ́n sì yapa lórí títa èyí tí wọ́n yọ̀ǹda sísìn rẹ̀. Sahnun, àgbà àáfà kan lọ́nà Imam Malik, gbà á láyè débi tó fi ní òun lè fi owó rẹ̀ lọ Hájì. Nítorí náà, ajá ìṣọ́ ni kí o máa tà, fún ẹni tó ní ilé tàbí oko tó fẹ́ ṣọ́. Bí oníbàárà bá wáá ní dandan ni kí o gé etí rẹ̀ kí òun tó sanwó, sọ fún un pé o kì í ṣe é, kí o jẹ́ kó máa lọ.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.