Níbo ni orúkọ ìdílé Yılmaz ti ṣẹ̀ wá, níbo ló sì wọ́pọ̀ sí lónìí?

Orúkọ èdè Tọ́kì ni Yılmaz, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já". Inú ọ̀rọ̀ ìṣe yılmak, "kí àyà ẹni já", ni wọ́n ti fà á yọ. -Maz tó kẹ́yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ "kì í". Òfin ọdún 1934, tó ní kí gbogbo ará Tọ́kì ní orúkọ ìdílé, ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn yan orúkọ akin nígbà náà, nítorí náà jíjẹ́ Yılmaz kò sọ èèyàn méjì di ẹbí. Ó wà lára orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù ní Tọ́kì. Ó pọ̀ ní Jámánì náà, láti ìgbà àdéhùn ọdún 1961 tí Jámánì fi ń gba òṣìṣẹ́ láti Tọ́kì. Àwọn ọkùnrin kan ń jẹ́ ẹ ní orúkọ àbísọ.