Ẹ̀rọ tuntun dé, gàrí ò pọ̀ sí i

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ gàrí wa l'Ìjẹ̀bú ra ẹ̀rọ tuntun tó ń rin tọ́ọ̀nù gbágùúdá kan ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta ni ti àtijọ́ ń lò. Agbada 4 àti jáàkì 1 tí a fi ń fún omi gbágùúdá la ní. Síbẹ̀, gàrí tí à ń rí lóòjọ́ ò lé rárá. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ yín ò lẹ́bi. Gbágùúdá tútù 1,000 kg kì í sábà ju gàrí 200 sí 250 kg lọ. Bí agbada kan bá ń yan 8 kg ní wákàtí kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yan 32. Ní wákàtí 7, ó di 224. Ohun tí ẹ̀rọ rin ní wákàtí kan, odidi ọjọ́ làwọn ayangàrí ń fi yan án. Ìdí agbada niṣẹ́ ti há. Ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án: ibi tí àpò ti ń gun orí ara wọn lówó yẹ kó lọ. (Àpò tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé kalẹ̀ kó lè kan ò sí nínú ìyẹn o.)

Àmọ́ ẹ má tíì ra agbada. Ẹ yẹ jáàkì wò ná, torí gbágùúdá tí omi rẹ̀ ò ro dáadáa ló ń pẹ́ lórí iná, tó ń di kókó, tó sì ń jẹ igi. Ẹ wọn 100 kg bó ṣe ń tẹnu ẹ̀rọ bọ̀, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn jáàkì. Bíi 60 sí 65 kg ló yẹ kó kù. Bó bá ṣì jẹ́ 75, igi lẹ fi ń gbẹ omi bíi 10 kg tí jáàkì ìbá ti fún kúrò.

Ìkánjú ló sábà ń fà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí omi ro, kí ẹ tó tún un tẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpò á bẹ́. Ẹ fi pákó sáàárín àpò sí àpò. Ẹ máa fọ àpò lójoojúmọ́, torí sítáàṣì ń dí ojú rẹ̀. Bí jáàkì bá ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ́ìlì háídírọ́líìkì ni kí ẹ bù sí i. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́.

Bó bá ti di 65 tí ìdí agbada ṣì há, ẹ wá fi ìkarùn-ún kún un, kí ààrò rẹ̀ ní ihò èéfín tó yọ sókè òrùlé. Lẹ́yìn wákàtí tí ẹ̀rọ yín fi ń ṣiṣẹ́ yín, ẹ máa fi bá àwọn aládùúgbò rin tiwọn lówó.