Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ẹ wo fáànù kí ẹ tó ra ràdíétọ̀

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ mi ti lé ní 20 ọdún. Bí mo bá ń sáré, abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì kì í kúrò láàárín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ báyìí, kì í pé ìṣẹ́jú 10 tó fi ń gòkè. Ẹnì kan ní kí n yọ tọ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) dànù, ẹlòmíràn ní ràdíétọ̀ tuntun ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣe ìkankan. Omi ló ń gbé ooru jáde nínú ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn ló sì ń gbà á lọ́wọ́ omi nínú ràdíétọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, ìrìn rẹ̀ ló ń kó atẹ́gùn wọlé. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ọkọ̀ tí ràdíétọ̀ rẹ̀ dí gan-an sábà máa ń gbóná lórí eré, pàápàá tó bá ń gun òkè, torí ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jù. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Fáànù ni mo fura sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí ràdíétọ̀ láéláé nígbà tó bá gbóná. Ìdérí yẹn ló ń dá omi dúró kó má hó, bó tilẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n 100 °C. Bí ẹ bá tú u, omi á hó lójijì, á sì tú sí yín lójú. Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ bó báyẹn.

Bí omi bá kún, ẹ tan ọkọ̀ kó dúró lójú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí fáànù wọn ń lo iná, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí omi bá gbóná dé nǹkan bíi 95 sí 105 °C. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè tí fáànù dákẹ́, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, torí òun náà sábà máa ń mú kí fáànù yí. Bó bá yí nígbà náà, mọ́tò fáànù kò kú: sẹ́ńsọ̀ ooru tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àìsàn. Bí kò bá yí síbẹ̀, ẹ yẹ fíùsì àti rílè (ṣíwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù) wò, lẹ́yìn náà ẹ gbé iná fún mọ́tò náà tààrà láti orí bátìrì. Ẹ má ki ìka bọ ibẹ̀ o! Àwọn fáànù kan lè ṣàdédé yí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì.

Kí fáànù máa yí nìkan kò tó. Ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́ sí iwájú ràdíétọ̀: ó yẹ kí atẹ́gùn fà á mọ́ra. Bó bá jábọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ mọ́tò. Bó bá ń tì í sẹ́yìn, ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti pààrọ̀ wáyà méjèèjì síra wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi, wọ́n sì ti ra ràdíétọ̀ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi.

Bó bá jẹ́ fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ni, ẹ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó gbóná, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ti fáànù. Ó yẹ kó wúwo díẹ̀. Bó bá ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì fáànù náà, ìyẹn ohun tó so ó pọ̀ mọ́ bẹ́líìtì, ti bàjẹ́. Ẹ wo ike tó yí fáànù ká pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń jù ú nù, láìmọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí fáànù fa atẹ́gùn gba gbogbo ojú ràdíétọ̀. Ẹ fi omi tí kò le fọ ìdọ̀tí tó há sára ràdíétọ̀ kúrò, láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ẹ fi tọ́mósítáàtì sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lórí eré, á máa jẹ epo, ìṣòro yín á sì ṣì wà níbẹ̀.

Títí ẹ ó fi tún un ṣe, bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan atẹ́gùn gbígbóná inú ọkọ̀ dé òpin. Ara yín á gbóná, ṣùgbọ́n ooru á kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá kan pupa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.