Èsì: Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá pé etí mi ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́, ará Alágbàka. Ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ́ ọn: àga tí ẹ ti lè máa rí ẹnu àwọn èèyàn, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wà lójú wọn. Bí ẹ bá kàn ń mi orí bí alángbá, wọn á ní ẹ kò kọbi ara sí iṣẹ́.

Ìyẹn bí agbára etí yín bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ o. Bí ó bá jẹ́ òjijì ni etí kan dí, ẹ lọ sílé ìwòsàn lónìí. Irú èyí kì í dúró dọ̀la.

Áàpù Live Transcribe ti Google máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sójú fóònù, kí ẹ lè kà á. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, ìsọkúsọ ló máa kọ.