Ahọ́n Mi Ń Wúwo Tí Mo Bá Fẹ́ Sọ Ọ́ Ní Yorùbá

Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Aránṣọ Òkè-Fìà ló kọ̀wé sí mi, láti Òṣogbo níbí náà ni. Ọmọ ọdún 27 ni. Nínú èrò tó ń tẹ̀lé Arugbá lọ sí igbó Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ló ti pàdé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń fi "I love you" ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, òun náà á sì dá a padà kíá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin yìí ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Aránṣọ wá kọ ọ́ sí mi pé, "Àǹtí, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Àbí mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni?"

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ahọ́n yẹn ò bà mí lẹ́rù. Ti Gẹ̀ẹ́sì fúyẹ́. Èèyàn lè sọ ọ́ kó sì máa yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Tú "nífẹ̀ẹ́" wò: "ní ìfẹ́" ló wà níbẹ̀. Ohun tí o bá ní, wọ́n lè bi ọ́ léèrè rẹ̀ lọ́la. "Fẹ́" kan náà la sì fi ń fẹ́ ìyàwó. Ẹni tó bá la ẹnu pé òun fẹ́ ẹnì kan, ẹbí ti ń bèèrè ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ahọ́n rẹ̀ ò ní wúwo?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé àwọn àgbà ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ. Aláró ni ìyá mi. Aró dú lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, kì í sì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí bàbá mi bá fi ìbínú wọlé, á kàn pe "Àjàmú", á fa ìparí rẹ̀ gùn, bàbá á sì jókòó. Èmi ọmọ ò jẹ́ dán an wò! Tí bàbá bá máa dáhùn, "Àdùkẹ́" ni, ẹni tí wọ́n ń dù láti kẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wo ló tún kù?

Ìwọ náà ti lò ó nínú lẹ́tà rẹ láìfura. O ní àárò rẹ̀ máa ń sọ ọ́ tí o bá ń lọ aṣọ lálẹ́. O ní bọ́tìnnì kan já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, o sì kọ̀, o ò rán an, kó má baà gbé e lọ. Aránṣọ tó ń rán aṣọ gbogbo àdúgbò! Mo rẹ́rìn-ín títí. Bí èdè wa ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn: àárò ló ń sọ èèyàn, ó wù mí, ọkàn mi fà sí i. Ìwọ kọ́ lò ń ṣe é, òun ló ń ṣe ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo kọ ọ́ pé àyà rẹ máa ń já tí ìpè rẹ̀ bá wọlé. Lọ́jọ́ kan, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ń wá òun ni àyà ń já. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn, ara rẹ̀ ló ń yá gágá. Ó lè jẹ́ inú fíìmù lo ti mú un. Ṣùgbọ́n o tún há gbólóhùn kan sáàárín, bí ẹni pé kò tó nǹkan: pé nígbà tí o ò tètè gbé ìpè rẹ̀, odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo padà lọ kà.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni. Oṣù márùn-ún ò tíì tó láti mọ̀. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró, bí ewé ló ń rí. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó ń di aró. Oníbàárà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyá mi jà lórí èyí rí, ó ní aró lòun sanwó fún, òun ò sanwó ewé.

Tó bá wá sí Òṣogbo lópin ọ̀sẹ̀, má fipá mú ahọ́n rẹ. Sọ ti bọ́tìnnì fún un. Sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ní ohùn kan náà, sọ fún un pé àyà rẹ máa ń já tó bá ń pè ọ́, kí o sì dákẹ́. Má bá a wá àwáwí. Bó bá bi ọ́ pé kí ló fà á, tó sì jókòó gbọ́ ọ, mú abẹ́rẹ́ kí o rán bọ́tìnnì náà lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbínú ló fi dáhùn, gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un bó ṣe wà.