"Isu" àti "ulé" nínú ìwé ọmọ mi

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ mi, ọmọ Èkìtì lèmi. Ọmọ wa, ọmọ ọdún 9, kọ "isu" àti "ulé" nínú àpèkọ, tíṣà sì fagi lé méjèèjì. Ṣé ká má sọ èdè ìlú wa sí i létí mọ́ ni? (Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ máa sọ ọ́ lọ, ìyá wa. Àṣìṣe méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

"Ulé" ló rọrùn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó a máa fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí "u" bá ti ṣíwájú, kó fi "i" rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ìlú nìkan ni kó má fọwọ́ kàn: Usi-Èkìtì ò ní di "Isi".

"Isu" ló gba sùúrù. Lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn, "s" àti "ṣ" ti di ọ̀kan, nítorí náà etí ò lè bá ọmọ yà wọ́n. Ojú ni kó fi kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì tí ohùn wọn bára mu: sí àti ṣí (ṣílẹ̀kùn), sá àti ṣá (ṣá a ládàá), sẹ́ àti ṣẹ́ (ṣẹ́gi). Méjì-méjì márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tí "ṣ" yọ lẹ́nu rẹ̀ ni kó máa pè é. Bó bá jẹ́ bàbá ló ń pè é, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa dún! Láti pe "ṣ", ahọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lẹ́yìn eyín òkè, ètè á sì yọ síwájú, bí ìgbà tí a ń ní kí ọmọ dákẹ́: "ṣṣṣ".

Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "ṣùn" àti "ṣọ̀rọ̀". Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ó ti mọ̀ pé "ṣ" wà, kò tíì mọ ibi tó ń gbé ni. Àgbàlagbà tó ń fẹnu wá Yorùbá àjùmọ̀lò náà ń ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "s" nìkan (sùn, sọ̀rọ̀, sáré, ìsinmi) ṣe àpèkọ fún un lọ́jọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ tó padà sí méjì-méjì.

Ìbéèrè: Bí ìyàwó ọmọ mi bá ń sọ Oǹdó, kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé àrífín ni? (Bàbá kan, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Rárá, bàbá. "Ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ti apá Ọ̀yọ́ ni. Lápá Oǹdó, "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń lò ó fún. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.